Ẹ̀kúnwọ́ Yájì Láti Inú Ìkòkò Ìyá Àgbà

Omijé wà lójú àwọn méjèèjì nígbà tí ojú wọn kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin. Kì í ṣe omijé ìfẹ́, kò sì tíì di ti ìbànújẹ́. Ata ló fà á. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè ọ̀hún dé sí ọjà Agbogbloshie ní Accra, àpò ata gbígbẹ kan ya bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀, ni gbogbo ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín, tí wọ́n ń wúkọ́, tí wọ́n ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Àwọn obìnrin aláàárù ń ké "àgòó, àgòó" kí wọ́n lè rí ọ̀nà kọjá. Àmínátù fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Nígbà tó máa la ojú, ọkùnrin kan ló rí ní òdìkejì àpò tó ya náà, ó ga, ó dúdú minimini, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹni tó ní làákàyè kì í wọ̀ wá sírú ibẹ̀, omi ń ṣàn lójú òun náà pòròpòrò. Láàárín ogunlọ́gọ̀ yẹn, pẹ̀lú ariwo àti eruku pupa, ó ń wo Àmínátù bí ẹni tó rí ohun tó ti sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́.

Àmínátù tún fi ìborùn nu ojú.

"Yorùbá ni yín," ni ọkùnrin náà wí. "Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń bú ata."

"Ata ló kọ́kọ́ bú mi."

"Ẹ bá mi bú u sí i. Abossey Okai ni wọ́n bí mi sí, èébú èdè Gáà nìkan ló yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àmínátù kó tó mọ̀.

Mùbárákù ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ata ló wá rà. Ilé iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Kwabenya ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tan ìtànṣán sí oúnjẹ láti pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀. Òun ló ń to páálí ẹrù sí ibi tí ìtànṣán á ti kàn án. Wọ́n rán an wá sọ́jà kó bá àwọn tó ń lọ ata sọ̀rọ̀, àmọ́ láti àárọ̀, ẹnì kan kò dá a lóhùn. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti kan "àtọ́míìkì", wọ́n á yí ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ wá bá ìyá mi," ni Àmínátù wí. Kò mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá ó kàn fẹ́ tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Ìyá rẹ̀, Hàdízà, ni gbogbo àdúgbò Cow Lane ń pè ní Màmá Yájì. Ata gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrù àti kúlíkúlí ló ń lọ̀ pọ̀ di yájì, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń bù lé ẹran sùyà lórí, sùyà tí àwọn ará Accra ń pè ní kyinkyinga. Ẹran ti máa ń kúrò lórí iná kí yájì tó dé orí rẹ̀. Iná kì í kan yájì fúnra rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ gan-an ni Mùbárákù ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tó jókòó sórí àpótí níwájú ìyá náà.

"Màmá, ohunkóhun tó bá wà nínú yájì yẹn, tààrà ló ń lọ sínú èèyàn. Tí ẹ bá sì ní kí ẹ yan án kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, òórùn rẹ̀ á lọ, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, ohun tó ń ṣe ara lóore nínú rẹ̀ á dínkù. Tiwa kì í gbóná. Ìtànṣán á gba inú ọ̀rá kọjá bí oòrùn ṣe ń gba inú dígí kọjá. Kòkòrò á kú, yájì á ṣì jẹ́ yájì."

"Oòrùn tí wọ́n fi ń pa ìlú run," ni Hàdízà dáhùn. Kò dẹ́kun atalẹ̀ tó ń gé.

"Màmá, ẹ ti ya fọ́tò eegun rí lọ́sibítù. Ṣé ẹ ń tàn lálẹ́ ni?"

"Ọkọ mi nìkan ló lè dáhùn ìyẹn, ó sì ti kú."

Àwọn obìnrin tó ń ṣa ata nítòsí rẹ́rìn-ín títí ata fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mùbárákù náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo Àmínátù. Kó tó dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹyọ ohun kan ni mo fi ń bẹ̀ yín, Màmá. Inú ọ̀rá tí oníbàárà á fọwọ́ ara rẹ̀ já ni kí yájì ti gba ìtànṣán. Tó bá ti ọ̀dọ̀ wa dé, ẹ má tú u. Ìtànṣán ń pa ohun tó bá bá nínú ọ̀rá. Kì í dúró ti ọ̀rá kó máa ṣọ́ ọ."

Hàdízà gbà nígbẹ̀yìn. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Osu ti sọ fún un pé òun á máa gba yájì rẹ̀ bó bá ti lè ní àmì ìtànṣán lára. Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá, wọ́n tẹ orúkọ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Hàdízà, sára ọ̀rá, wọ́n tẹ àmì náà sí abẹ́ rẹ̀, Mùbárákù sì ń wá, ó ń lọ. Nígbà tó yá, kì í ṣe nítorí yájì ló fi ń wá mọ́.

Inú trótró, ọkọ̀ akérò Accra, ni ìfẹ́ wọn ti gbèrú, àti nídìí abọ́ wáákyè kan ṣoṣo, ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà, tí wọ́n jọ ń jẹ, àti láàárín ariwo òòlù àwọn fítà tó ń tún mọ́tò ṣe ní Abossey Okai, níbi tí bàbá Mùbárákù ti ń ta páàtì mọ́tò. Ohùn jẹ́jẹ́ kan wà tó ń fi pe orúkọ Àmínátù, bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀. Tó bá pè é bẹ́ẹ̀, Àmínátù á gbàgbé pé òun ń bọ̀ láti ìdí ata, pé ọwọ́ òun ń ta, pé ara òun ń rùn.

Ọ̀rọ̀ tí Mùbárákù ń sọ jù ni ti Afeefah, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Raqeebah. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ọmọ náà. Inú rírun tí ọmọ mìíràn máa fi oorun yanjú lè gbé tirẹ̀ dé ọsibítù.

"Tí a bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń sun kyinkyinga, á dì mí lọ́wọ́ mú," ni Mùbárákù sọ fún un. "Á ní, 'Wòfà, ẹ jẹ́ ká kàn dúró ká máa gbóòórùn rẹ̀.' Wòfà ló ń pè mí, bí àwọn Àkàn ṣe ń pe arákùnrin ìyá. A kì í jẹ́ kó jẹ ẹ́. Àmọ́ ọjọ́ tí yájì yín bá jáde pẹ̀lú àmì wa, èmi fúnra mi ni màá sun ẹran fún un. Èmi ni màá bu yájì lé e."

Àmínátù gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ó dá a lójú pé Ọlọ́run kò dá ọkùnrin mìíràn mọ́ lẹ́yìn èyí.

Ọ̀sán ni àwọn ọ̀rá náà dé láti Kwabenya. Hàdízà já ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

"Ó pé," ni ó wí. "Ọmọ yẹn kò parọ́."

Inú Àmínátù dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ gbé abọ́ ńlá kalẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹnu gbogbo ọ̀rá yòókù, ó ń da yájì inú wọn sínú abọ́.

"Ìyá mi, kí lẹ ń ṣe?"

"N kò tíì fi ti Ìyá Àgbà sí i."

Ìkòkò amọ̀ kan wà ní igun yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ìyá Àgbà ló gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Yájì ló wà nínú rẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá lọ tuntun, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan látinú ìkòkò sí tuntun, wọ́n á sì bu tuntun padà sínú ìkòkò, kó má baà gbẹ. Nígbà tí ìjọba lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Ghana, aṣọ ọrùn Ìyá Àgbà nìkan ló bá a dé Nàìjíríà. Obìnrin Gáà kan ló bá a gbé ìkòkò pamọ́. Nígbà tó fi máa padà wá, ilé ti di tẹlòmíràn, ìsọ̀ ti di tẹlòmíràn, ìkòkò nìkan ló dúró dè é. Látìgbà náà, yájì kan kò jáde lọ́wọ́ wọn láìsí ẹ̀kúnwọ́ yẹn. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ń búra pé ahọ́n àwọn á mọ̀ tí kò bá sí níbẹ̀.

"Mùbárákù ní ká má tú u."

"Mùbárákù kò mọ ìyá mi."

"Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa fi sí i, kí ló dé tí ẹ kò fi sí i kó tó lọ?"

Hàdízà dá ọwọ́ dúró. "Ìwọ náà ṣáà gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní ìtànṣán ń pa ohun tó bá bá nínú ọ̀rá. Ṣé kí n wá gbé ti ìyá mi lọ kí wọ́n lọ pa á ni?"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀kúnwọ́ kan, Àmínátù. Kí ni ẹ̀kúnwọ́ kan máa fi odindi abọ́ ṣe? Tí kò bá sí níbẹ̀, ata lásán ni. N kò lè máa ta ata lásán kí n kọ orúkọ ìyá mi sí i lára."

Àmínátù ló ṣí aṣọ tó bo ìkòkò. Ìgbẹ́ ọmọńlé wà lórí aṣọ náà, bó ṣe máa ń wà. Ó gbọn ìgbẹ́ náà dànù lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà wá. Ìyá rẹ̀ ṣe bísímílà, ó ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì fọwọ́ pò ó mọ́ tuntun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ tuntun lára. Àwọn ọ̀rá tuntun tí wọ́n tẹ̀ ṣẹ́kù wà nílẹ̀, pẹ̀lú àmì ìtànṣán lára wọn. Wọ́n da yájì náà sínú wọn. Àmínátù ló jókòó ti ẹ̀rọ. Òun ló lẹ gbogbo ẹnu ọ̀rá náà.

Ó fẹ́ sọ fún Mùbárákù. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Àmọ́ Mùbárákù ti gba ṣọ́ọ̀bù Osu wá, ó ti rí yájì wọn lórí pẹpẹ, ó sì ti ra ọ̀kan. Ó ń yí ọ̀rá náà sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n fi ọmọ lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

"Wo iṣẹ́ mi," ni ó wí. "Wo iṣẹ́ ìyá rẹ. Lára ohun kan ṣoṣo."

Báwo ni èèyàn ṣe máa gba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn? Àmínátù rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀kúnwọ́ kan ni.

Mùbárákù ṣe bó ṣe wí. Ó ra ẹran, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sun ún lórí èédú lẹ́yìn ilé títí ó fi jinná dénú. Afeefah jókòó tì í lórí àga kékeré, ó ní òun ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹran kúrò lórí iná, Mùbárákù já ọ̀rá, ó sì bu yájì lé e lórí. Ọmọ náà jẹ ẹ́, omi ń jáde nímú rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Wòfà bu sí i fún òun.

Inú ọmọ náà kọ́kọ́ dà rú. Ibà tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ gbóná bí èédú, eegun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó sì ń sunkún pé kí wọ́n má fọwọ́ kan òun. Ní ọsibítù, dókítà ní kòkòrò ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé irú kòkòrò tó ń gba inú oúnjẹ wọlé ni, àti pé irú ara tí ọmọ náà ní kì í lè bá a jà. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Afeefah kú, orí rẹ̀ wà lórí itan Raqeebah.

Àmínátù lọ síbi ìsìnkú, ó jókòó láàárín àwọn obìnrin. Raqeebah kò sunkún. Ó ń fọwọ́ ra itan ara rẹ̀, níbi tí orí ọmọ ti wà, bí ẹni ń nu ìdọ̀tí kan kúrò níbẹ̀. Hàdízà náà wá. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ẹkún rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀tàn.

Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Osu, wọ́n mú ọ̀rá yájì tí ẹnì kan kò tíì já. Kòkòrò tó pa Afeefah ni wọ́n bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú àmì ìtànṣán lára ọ̀rá gbàǹgbà. Láàárín ìgbà díẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti dé orí rédíò. Ní Agbogbloshie, àwọn obìnrin ń sọ ọ́ lédè Twi, lédè Hausa, lédè Yorùbá, pé àtọ́míìkì ti pa ọmọ. Ẹnì kan kò gbé ẹrù lọ sí Kwabenya mọ́. Ilé iṣẹ́ ní kí Mùbárákù lọ jókòó sílé ná, pé ìgbìmọ̀ kan máa gbọ́ tẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Hàdízà sì gbà á gbọ́. Ohun tó burú jù lójú Àmínátù nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Mo sọ fún yín," ni ó ń wí fún àwọn tó wá kí i. "Ìtànṣán yẹn lágbára jù. Ẹ̀kúnwọ́ ìyá mi kan kò lè ká a. Ká ní mo bu méjì ni." Ẹnì kan kò bi í léèrè ìgbà tó bu ẹ̀kúnwọ́ náà sí i.

Ó ti kó àwọn ọ̀rá tó kù dànù. Inú ike lásán ló ń ta yájì rẹ̀ sí báyìí, ní Cow Lane, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ méjì-méjì ló ń fi sí i.

Àmínátù bá Mùbárákù nínú ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ní Abossey Okai, láàárín ẹ́ńjìnnì àtijọ́ àti kẹ̀kẹ́ ìdarí mọ́tò tí wọ́n so rọ̀. Ó ti rù. Kò wo ojú Àmínátù.

"Èmi ni mo to páálí yẹn," ni ó wí. "Mo ń tò ó lọ́kàn mi látìgbà náà. Bóyá mo tò ó ṣù jù, tí ìtànṣán kò fi dé àárín. Bóyá ọ̀kan lára páálí tó wà lábẹ́ kò yí dáadáa. Mo máa ń lálàá rẹ̀, Àmínátù. Mo fi ọwọ́ mi tò ó, mo fi ọwọ́ mi sun ẹran, mo fi ọwọ́ mi bu yájì lé e. Ó ní kí n bù sí i, mo sì bù sí i."

"Kì í ṣe ìwọ."

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Raqeebah nìkan ni kò sọ ọ́." Ó fọwọ́ nu girísì tó wà lára tábìlì, ó sì ń nu ún lọ. "Wọ́n bi mí níbi iṣẹ́ pé bóyá ẹ tú ọ̀rá náà nílé. Mo bínú sí wọn. Mo ní mo mọ̀ ọ́. Mo ní o kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni tú u."

Òòlù àwọn fítà ń dún lóde. Àmínátù dìde, ó ní òun ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló jókòó kọ ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, nítorí ìgbìmọ̀ tó máa kà á. Kò fi nǹkan kan ṣe ọ̀ṣọ́. Ó kọ ọ́ pé àwọn já ọ̀rá lẹ́yìn tó ti gba ìtànṣán, pé àwọn po yájì àtijọ́ mọ́ ọn látinú ìkòkò tí ọmọńlé ń rìn lórí rẹ̀, pé òun Àmínátù mọ̀ pé kò dára, òun sì fi ọwọ́ ara òun lẹ ẹnu ọ̀rá padà. Ó kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ ẹni tó to páálí. Ó kọ ọ́ pé wọ́n ṣì ń ta yájì náà ní Cow Lane, kí wọ́n yára wá. Nígbà tó parí, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lédè Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Hàdízà gbọ́ ọ tán.

"Ṣé ohun tí o ń wí ni pé ìyá mi ló pa ọmọ yẹn?"

"Ìkòkò ni, Ìyá mi."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?" Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ata ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tipẹ́, kò lè fọ̀ kúrò mọ́. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bu ẹ̀kúnwọ́ yìí fún àwọn èèyàn. Mo bù ú fún ìwọ náà kí o tó lè rìn. Tí ohun tí o sọ bá jẹ́ òótọ́, àwọn ọmọ tí inú ń run ní àdúgbò yìí, tí a ń sọ pé ẹran ni, tí a ń sọ pé omi ni." Kò parí rẹ̀. "Rárá. N kò gbà. N kò lè gbà á. Tí o bá gbé ìwé yẹn jáde nílé yìí, Àmínátù, má ṣe padà wá wá nǹkan kan níbí."

Àmínátù fi ìwé náà sínú búláòsì, ó lọ dé ibùdókọ̀, ó sì padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Ìyá rẹ̀ rí i nígbà tó lọ àti nígbà tó bọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn èèyàn tó máa lọ kírun, obìnrin kan láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí mú ọmọ rẹ̀ wá ra yájì. Ọmọ náà na ọwọ́ sínú ike, ó ń lá a. Hàdízà rẹ́rìn-ín sí i, ó sì bu díẹ̀ sí i lọ́wọ́ láìgba owó.

Àmínátù nu ọwọ́ ọmọ náà mọ́ títí, ó da yájì ike náà sí gọ́tà, ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó sì jáde. Ẹnì kankan kò pè é padà.

Ìrun ti parí nígbà tó dé Abossey Okai. Mùbárákù dúró níwájú ìsọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń dúró de trótró tó máa gbé e lọ sí Kwabenya. Ó wo báàgì ọwọ́ Àmínátù, ó sì wo ìwé tó yọ lára búláòsì rẹ̀.

"Ṣé ìwé ìbánikẹ́dùn ni?" ni ó bi í. "Mo ti gbà á púpọ̀. N kì í lè kà á parí."

"Kì í ṣe ìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Àmọ́ kọ́kọ́ kà á nínú ọkọ̀, kí o tó wọlé sí wọn."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"A tú u, Mùbárákù. Ìyá mi po ti àtijọ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ padà."

Trótró dúró níwájú wọn, méètì rẹ̀, ẹni tó ń gba owó ọkọ̀, na orí síta, ó ń kígbe ibi tí wọ́n ń lọ, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ń wọlé. Mùbárákù kò yí ojú sí i. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ síwájú. Àmínátù kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ fi gbá òun ni. Ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́.